Ológbò Tí A Fi Sílẹ̀ ní Ìbarà

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta tí a dé Owódé, mo jáde sí àgbàlá, mo rí ológbò wa lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ká ní ẹlòmíràn ló sọ ọ́ fún mi ni, ǹ bá ní irọ́ ló ń pa. Ìbarà ni mo fi í sí. Èmi fúnra mi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, tí mo fún Yéwándé aládùúgbò wa ní kọ́kọ́rọ́ pé kó máa bá mi fún un lóúnjẹ. Mọ́tò gan-an ń pẹ́ lójú ọ̀nà náà. Ẹsẹ̀ ológbò wo ló fẹ́ rìn ín?

Mo wo etí rẹ̀ ọ̀tún tí ajá kan fà ya nígbà kan. Òun ni. Kúlíkúlí là ń pè é, nítorí àwọ̀ rẹ̀. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ẹrẹ̀ kún gbogbo àgbàlá, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ, ó mọ́ tónítóní. Mo wá ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ náà títí, mi ò rí ẹyọ kan.

Kí n tó lanu, Azeezat ọmọ mi ti sáré jáde. "Kúlíkúlí!" Ó gbé e mọ́ra, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́. Jùbrílù ọkọ mi ló mú ológbò náà wálé fún un. Lọ́dún tó kọjá, àìsàn ọjọ́ mẹ́rin péré ló gbé Jùbrílù lọ. Owódé yìí ni Azeezat wà lọ́jọ́ tí a sin ín. Èmi rí i. Mo ṣí aṣọ funfun kúrò lójú rẹ̀, mo wò ó dáadáa kí wọ́n tó gbé e. Àwọn àgbà ilé wa ní ọmọ náà kéré jù láti gbọ́ ọ, kí n sọ pé bàbá rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní Dùbáì. Bẹ́ẹ̀ là ń ṣe é nílé wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe é fún mi nígbà tí ìyá mi kú. Mo bá pa irọ́ náà. Lákọ̀ọ́kọ́, ojoojúmọ́ ló ń béèrè ìgbà tí Dádì ń bọ̀. Nígbà tó yá, kò béèrè mọ́, mo sì ń dúpẹ́ pé ó ti ń gbàgbé.

Ológbò yẹn nìkan ló kù tó fi ń rántí bàbá rẹ̀, èmi náà sì ni mo ní ká fi í sílẹ̀. Àlàájà Àlímátù, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó tọ́ mi dàgbà, tí a ń pè ní Ìyá Owódé, ń sin adìyẹ, wọn ò fẹ́ ológbò nítòsí. Họ́lídè ọ̀sẹ̀ méjì ni, mo ní kò lè pa á lára. Azeezat sunkún láti Ìbarà títí a fi dé.

Nísinsìnyí tí ológbò wá jókòó ságbàlá, Ìyá dúró, wọ́n ń retí kí adìyẹ fọ́n ká. Ẹyọ kan ò sá. Àgbébọ̀ kan ń ṣa àgbàdo jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrù rẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìyá wò mí. Mo gbé ẹja ṣáwá síwájú Kúlíkúlí, kò fẹnu kàn án, èèrà ló padà jẹ ẹ́. Nígbà tí mo fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ara rẹ̀ tutù bí ìkòkò omi, ó sì ń rùn díẹ̀díẹ̀ bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró nílé Ìyá. Mo rìn dé ìdí ọ̀pẹ kan lẹ́yìn ilé kí n tó rí Yéwándé bá sọ̀rọ̀. Kò jẹ́ kí n kí i tán tó fi bú sẹ́kún.

"Ìyá Azeezat, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ti ń pè yín láti àná. Ẹnu ilẹ̀kùn ló jókòó sí látìgbà tí ẹ ti lọ, kò jẹ, kò mu. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn lánàá, ó gba àárín ẹsẹ̀ mi sá jáde. Típà ló gbá a. Èmi fúnra mi ni mo fi aṣọ wé e, tí mo sin ín sí ìdí máńgòrò ẹ̀yìnkùlé."

"Kúlíkúlí?"

"Òun ni, mà. Ẹ forí jì mí."

Láti ibi tí mo dúró, mo ń wo ọmọ mi lórí ẹní. Ológbò náà wà lórí itan rẹ̀. Èmi ló ń wò.

Mo fa Ìyá wọ ilé ìdáná, mo sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n ń fi ìka ka tẹ̀sùbáà wọn.

"Àsìtàgfírúlláhì. Mi ò fẹ́ kí Lèmọ́mù gbọ́ ọ lẹ́nu mi o, Haleemah, àmọ́ àkúdàáyà ni. Mo ti rí i rí. Ọkùnrin aláṣọ kan bá wa gbé nílùú yìí fún ọdún mẹ́rin, àfi ìgbà tí ẹni tó wẹ òkú rẹ̀ dé, tó bá a pàdé lọ́jà. Lójú ẹsẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù ṣófo."

"Kí wá ni ká ṣe, Ìyá?"

"Ẹ máa bá a gbé. Ẹ má sáà pè é lókùú létí rẹ̀. Ẹni tó bá sì ti fojú ara rẹ̀ rí òkú rẹ̀ kò gbọdọ̀ tún rí i. Bí ojú wọn bá ṣe mẹ́rin pẹ́nrẹ́n, ó lọ nìyẹn, kò ní padà mọ́ láéláé."

"Yéwándé rí i. Òun ló sin ín."

"Á jẹ́ pé kò lè bá yín padà sí Ìbarà nìyẹn."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án la tún lò. Azeezat ń jẹun, ó ń ṣeré, ó ń kọrin fún ológbò rẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn. Èmi ò gbádùn ọjọ́ kan níbẹ̀. Bí lífù tí mo gbà níbi iṣẹ́ ṣe ń tán lọ ni àyà mi ń já. Irọ́ mìíràn ló tún kù tí mo fẹ́ pa fún ọmọ kan náà, mo sì mọ̀ pé tí ológbò yìí bá tún bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́tẹ̀ yìí, kò ní rẹ́rìn-ín mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a máa lọ, ó ti gbé Kúlíkúlí sínú apẹ̀rẹ̀, ó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Azeezat, jẹ́ kó dúró ti Ìyá," ni mo wí. "Eku ń dà wọ́n láàmú. Tó bá dìgbà ọdún, a máa wá gbé e."

Kò sunkún. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó rọra gbé apẹ̀rẹ̀ náà kalẹ̀, ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi bò ó. Ó wá sọ́dọ̀ mi, ó fà mí lórí wálẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu mọ́ mi létí.

"Mọ́mì, ẹ má sọ̀rọ̀ sókè, kó má baà gbọ́. Mo mọ̀ pé ó ti kú."

Mo wo apẹ̀rẹ̀ náà.

"Mo gbé etí lé àyà rẹ̀ lọ́jọ́ tó dé. Kò sí nǹkan tó ń lù níbẹ̀. Bí ti Dádì náà ṣe rí nìyẹn."

"Dádì wo?"

"Dádì mi. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa ń wá sẹ́nu géètì iléèwé wa tí a bá jáde. Wọ́n á gbá mi mọ́ra. Àyà wọn dákẹ́. Mo mọ̀ pé wọ́n ti kú, Mọ́mì. Àáfà sọ ọ́ níbi àdúrà tí ẹ ní à ń ṣe fún ìrìn-àjò wọn. Ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́ létí Dádì rí."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀ náà. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀yin rí òkú wọn. Ìyá ti sọ bó ṣe máa ń rí fún mi ní họ́lídè tó kọjá. Tí ẹ bá wá, wọ́n máa lọ."

Yéè! Ọkọ tí mo ń sunkún ẹ̀ mọ́ ìrọ̀rí, ó ń wá sí Ìbarà, ó ń di ọmọ rẹ̀ mọ́ra, èmi nìkan ni kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, torí pé mo ṣí aṣọ lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú mi. Èyí tó jáde ò ju ẹyọ kan lọ.

"Ṣé wọ́n ń béèrè mi?"

"Gbogbo ìgbà. Mo máa ń ní ẹ wà níbi iṣẹ́."

A fi Kúlíkúlí sọ́dọ̀ Ìyá. Iléèwé ti wọlé padà. Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ní Ìkẹjà ní ká máa jókòó sílé ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, inú gbogbo èèyàn dùn. Èmi ní rárá, mo fẹ́ràn ọ́fíìsì. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo fẹ́ràn iṣẹ́ jù. Tí aago méjì bá lù, tí iléèwé Azeezat ń jáde, mo máa ń di tábìlì mú kí n má baà dìde.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo délé, Azeezat ń bọ́ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀. Ó wò mí, ó rọra sọ̀rọ̀.

"Mọ́mì, wọ́n ní kí n bá àwọn kí yín. Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́ o."