Ta Ni Yóò Ki Akínṣọlá?

Ẹsẹ̀ Wùmí ni Akínṣọlá kọ́kọ́ rí. Ọmọbìnrin náà ti bọ́ bàtà, ó ń jó lórí yanrìn pupa láàrin àwọn oníjó Aborijini, àwọn onílẹ̀ Ọsirélíà láti ìbẹ̀rẹ̀, tó wá ṣeré ní pápá kan nítòsí Westchase, ní Houston ní Amẹ́ríkà. Àgbà oníjó ló ní kí ẹni tó bá fẹ́ wá bá àwọn jó. Ojú ń ti gbogbo èrò, àfi Wùmí.

"Háà, ẹ wo ijó!" ni Akínṣọlá pariwo.

Wùmí gbọ́ Yorùbá, ó yíjú. "Ẹ bọ́ bàtà, ẹ máa bọ̀, ẹ̀gbọ́n. Àbí ìbọ̀sẹ̀ yín ti lu?"

Ó ti lu lóòótọ́. Akínṣọlá bọ́ ọ síbẹ̀, ó jó.

Lẹ́yìn ijó, àgbà náà ṣàlàyé pé odò àti òkè ilẹ̀ bàbá àwọn ló wà nínú orin náà, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní í sọnù níbẹ̀. Omijé bọ́ lójú Wùmí. Kí Akínṣọlá tó sìn ín dé ìdí mọ́tò, ọkàn rẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin náà pátápátá.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, wọ́n jọ lọ rí bàbá Wùmí ní Sugar Land, ìlú kan lẹ́bàá Houston. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni bàbá bi í: "Kí ni oríkì ilé yín?"

Houston ni wọ́n bí Akínṣọlá sí. Kò mọ̀ ọ́n.

"Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ," ni bàbá wí. "Mi ò lè fọmọ fún ọ."

Wùmí sunkún títí wọ́n fi dé ilé Akínṣọlá. Àmọ́ láti ọ̀sẹ̀ yẹn, gbogbo àárọ̀ Sátidé ni Akínṣọlá ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin nílé ní Nàìjíríà. Màmá náà yóò ki ilé wọn lórí fóònù, òun yóò máa tún un sọ. Wùmí a máa dín dòdò, a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ahọ́n ẹ wúwo bíi fùfú, olólùfẹ́ mi."

"Jẹ́ ó wúwo, jàre. Torí ẹ ni mo ṣe ń kọ́ ọ."

Nígbà tó mọ̀ ọ́n tán, wọ́n padà lọ. Akínṣọlá dọ̀bálẹ̀, ó ní ẹ̀gbọ́n bàbá òun obìnrin ló kọ́ òun lórí fóònù, ó dìde, ó sì ki ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bàbá bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ní í ki ara rẹ̀, ọmọ yìí? Ṣebí ìyàwó ilé ní í ki ọkọ!"

Ojú ti Akínṣọlá gan-an. Gbogbo làálàá rẹ̀ ti já sófo. Ó ti ń wá ọ̀nà ìta nígbà tí Wùmí bọ́ bàtà, tó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Akínṣọlá, ọmọ ilẹ̀ pupa tí í bá àlejò délé,
Ọmọ odò tí kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn,
Ọmọ a-fẹsẹ̀-janlẹ̀-kílẹ̀-ó-dáhùn..."

Ó kì í, kò fo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Nídìí dòdò ló ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Orí Akínṣọlá wú, ó ń sunkún, kò sì mọ̀ pé òun ń sunkún.

Bàbá dìde nígbà tí ọmọ rẹ̀ kì í tán. Ó nu ojú, ó sì na ọwọ́ sí Akínṣọlá.

"Bá mi pe Màmá tó kọ́ ọ yẹn lórí fóònù, ká jọ dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Ìyàwó yín ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."