Rọpárọsẹ̀ Nínú Àdúrà Bàbá

"Mosún, wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù o!" Jemimah ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń pariwo lẹ́nu géètì ilé ìtọ́jú àgbàlagbà ní Ọ̀wọ̀. "Ṣáà kọ 'rárá' fún wọn, jẹ́ ká máa lọ!"

Nọ́ọ̀sì Theresa, tó jẹ́ àǹtí Mosúnmọ́lá, ló rán an níṣẹ́ lásìkò ìsinmi yìí: kí ó jókòó ti àwọn àgbà, kí ó bi wọ́n bóyá ẹ̀rù àìsàn ń bà wọ́n, kí ó sì kọ "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" sínú ìwé. Ẹni tí ẹ̀rù náà bá wọ̀ lára ni dókítà yóò bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́bọ̀.

Ó ku Bàbá Ògúnrẹ̀mí, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ìdóàní. Mosúnmọ́lá ò tilẹ̀ jókòó.

"Bàbá, ṣé ẹ̀rù àìsàn máa ń bà yín?"

"Èmi kẹ̀? Ká má rí i! Ara mi le koko."

Ó kọ "rárá", ó kúnlẹ̀ wàrà kí ó máa lọ. Bàbá gbọ́wọ́ lé e lórí. "O ò ní rí àrùn rọpárọsẹ̀. Apá rẹ ò ní rọ. Ẹnu rẹ ò ní wọ́." Ẹnu ọ̀nà ló ti ṣe àmín tó kẹ́yìn.

Dókítà wá, ó lọ, kò dé ọ̀dọ̀ Bàbá. Kò pẹ́ tí Bàbá fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oúnjẹ, àní iyán pàápàá! Ó di apá òsì mọ́ra bí ẹni tó gbé ẹyin dání.

"Bàbá, kí ló dé?" ni Nọ́ọ̀sì Theresa bi í.

"Kò sí o."

Mosúnmọ́lá rántí àdúrà Bàbá. Nínú gbogbo àdúrà tó wà láyé, kí ló dé tó jẹ́ rọpárọsẹ̀ ni Bàbá ń lé jìnnà sí ọmọ tó ń sáré kiri? Àgbà kì í fẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn sára. Ohun tó ń bà á lẹ́rù, ọmọ ọlọ́mọ ló ń fi í ṣàdúrà fún.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Mi ò gbọ́rọ̀ tán kí n tó kọ ọ́."

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ," ni àǹtí rẹ̀ wí. "Padà lọ jókòó tì í."

Lọ́tẹ̀ yìí, ó jókòó. "Bàbá, àdúrà tí ẹ gbà fún mi lọ́jọ́sí, ṣé kò kan ẹ̀yin náà?"

Bàbá wo apá òsì rẹ̀. Omi lé rórò sójú rẹ̀. "Látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú Dominic tá a jọ ń gbé yàrá, bí mo bá ti jí, apá yìí á wúwo. Mo ní ó ti kàn mí."

Wọ́n pe dókítà padà. Ó yẹ Bàbá wò fínnífínní, ó sì bá a sọ̀rọ̀ dáadáa. Kì í ṣe rọpárọsẹ̀. Apá yẹn ni Bàbá máa ń sùn lé. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, Bàbá ti ń bèèrè iyán.

Inú Mosúnmọ́lá dùn, ojú sì tì í. Ó ti wá yé e pé ẹni tó bá ń kánjú ò lè gbọ́ ohun tó wà nínú àgbà. Lọ́jọ́ kejì, ó fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Oyèkẹ́, tí òun ti sáré kọ "rárá" fún tẹ́lẹ̀.

"Ìyá, mo wá jókòó tì yín ni," ó wí. "Mi ò kánjú."