Gbálẹ̀mọ́ Wọ Dúrọ́ọ̀mù

Apẹja kan rò pé ẹja ńlá ni. Nígbà tó fa àwọ̀n sókè, dúrọ́ọ̀mù irin ló bá nínú rẹ̀, tí wọ́n ya àmì bí abẹ̀bẹ̀ alápá mẹ́ta sí lára. Ó gbé e délé. Ìyàwó rẹ̀ ní àwọn tó ń ta fáànù ló ni ín, ó máa dáa fún omi òjò. Apẹja ti gbé òòlù láti fi ṣí i nígbà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, yà kí wọn. Bí ìyẹn ṣe rí àmì yẹn, ó já òòlù gbà, ó kó gbogbo ilé jáde, títí kan adìyẹ tó ń sàba.

Pàǹtí átọ́míìkì ni, ìyókù ohun tí ilé iṣẹ́ amúnáwá ti lò tán, èyí tí ìtànṣán rẹ̀ lè pani láìfọwọ́ kanni. Wọ́n gbé tọkọtaya lọ sílé ìwòsàn. Ìyàwó ń ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, ó ń wò ó bóyá ó ń tàn.

Gbálẹ̀mọ́ ni ilé iṣẹ́ náà gbé iṣẹ́ pàǹtí fún. Ìnagijẹ rẹ̀ nìyẹn, torí kì í jókòó láìkọ́kọ́ nu àga. Nígbà tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dé ọ́fíìsì rẹ̀, ó nu àga tirẹ̀ náà.

"Níbo lẹ ń sin ín sí?"

"Inú ihò, mà. Lábẹ́ òkè."

"Òkè wo?"

"Èyí tó ga yẹn."

"Ó yá, ẹ mú mi débẹ̀."

Lóòótọ́, ilẹ̀kùn irin ńlá wà lára òkè náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣí i, àpáta gidi ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Gbálẹ̀mọ́ kan àpáta náà bí ẹni tó ń retí pé wọ́n á dáhùn látinú. Kí àwọn ọlọ́pàá tó tẹ̀ lé wọn débẹ̀ tó rẹ́rìn-ín tán, ó ti bẹ́ sínú mọ́tò, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Wọ́n lé e dé èbúté. Wọ́n bá mọ́tò, wọn ò bá a. Àwọn alágbàṣe rẹ̀ ń to dúrọ́ọ̀mù sétí omi. Ó ti purọ́ fún wọn pé ọṣẹ tó bàjẹ́ ni. Wọ́n ní àwọn ò rí ọ̀gá. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lé wọn sẹ́yìn, ó ní kí àwọn tó wọ aṣọ ààbò gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ìtànṣán yí ká. Ẹ̀rọ ń ké lára dúrọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ti ìkẹyìn, ẹ̀rọ dákẹ́, dúrọ́ọ̀mù ló sín.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rọra bi olórí alágbàṣe léèrè ibi tí wọ́n máa ń gbé e lọ. Ìyẹn ní òkun ni. Ọ̀gá ní kí àwọn máa jù ú, kí àwọn má bèèrè ìbéèrè.

"Ẹ ṣe èyí náà bí ẹ ṣe máa ń ṣe é."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí i.

"Ẹ dúró," ni ohùn kan wí nínú dúrọ́ọ̀mù. "Ẹ má jù mí sókun."

"Ṣebí abẹ́ òkè lẹ ń sin wọ́n sí."

"Kò sí ihò kankan, mà. Òkun ni mo ń dà á sí. Gbogbo ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè lúwẹ̀ẹ́."

Ìdérí ti há. Kí wọ́n tó rí i ṣí, ó ti ka gbogbo ibi tó da pàǹtí sí. Bí orí rẹ̀ ṣe yọ, ó kọ́kọ́ ń gbọn ìpẹtà kúrò lára ẹ̀wù; ibẹ̀ ni wọ́n ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Wọ́n fa àwọn dúrọ́ọ̀mù jáde lókun. Oríire ni pé kò tíì sí èyí tó jò. Dókítà yẹ àwọn alágbàṣe àti tọkọtaya náà wò, ó ní ara wọn dá ṣáṣá. Apẹja náà jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn. Ó sunkún díẹ̀, ó fi ẹ̀wù nu ojú, ó wá bi ìyàwó rẹ̀ pé ṣé kò sí nǹkan jíjẹ ni.