Àṣá, Ọkọ̀ Tí Omi Kò Lè Dì Mú

Ọkọ̀ ojú omi kì í ní awọ, àfi Àṣá. Ìbídùnní ló ṣe é. Ní Ìlúléfòó, ìlú tí àwọn èèyàn kọ́ sórí omi lẹ́yìn tí òkun ti gbé etíkun àtijọ́ mì, obìnrin onímọ̀ ìjìnlẹ̀ yìí fi ọdún mẹ́ta tọ́ awọ alààyè kan dàgbà nílé ìwádìí rẹ̀, ó sì fi bo ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ìgbafẹ́ kékeré kan tó ń fi ìgbòkun rìn. Awọ-ẹlẹ́mìí ló pè é. Iyọ̀ òkun ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ń sáré ni awọ náà ń sun omi tó ń yọ̀ bí ara ẹja àrọ̀, òkun kò sì ní ríbi di ọkọ̀ mú. Ọkọ̀ tó ń lọ sí òṣùpá lè yá jù ú lọ. Lójú omi, kò lẹ́gbẹ́.

Ní gbogbo Sátidé, Ìbídùnní àti Akínlàjà, àbúrò rẹ̀ tó ń bá a ṣiṣẹ́, máa ń gbé Àṣá jáde. Ìbídùnní fẹ́ràn ìgbà tí ìgbòkun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba afẹ́fẹ́, tí ọkọ̀ bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí omi ń ta sí i lójú, tí wàhálà ọ̀sẹ̀ ń já bọ́ lára rẹ̀ bí ẹ̀wù ẹlẹ́gbin. Ẹ̀rín a sọ lẹ́nu rẹ̀ láìmọ̀. Akínlàjà a kígbe pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó fò!"

Àwọn apẹja kórìíra ọkọ̀ náà bí ìgbẹ́. Lọ́sẹ̀ kan, wọ́n gé okùn rẹ̀ ní èbúté. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n da ìfun ẹja tó ti rà sínú rẹ̀. Ni Ìbídùnní bá pè wọ́n lẹ́jọ́ níwájú ìgbìmọ̀ ìlú. Ibẹ̀ ni Bàbá Omíyalé, olórí apẹja, ti dìde, ó sì ki àjẹ̀ tútù kan bọ akọ̀wé lọ́wọ́.

"Dì í mú kí n rí i."

Àjẹ̀ yọ̀ bọ́ sílẹ̀, gbàù!

"Bí omi wa ṣe dà nìyẹn," ni Bàbá wí. "Àwọ̀n ń bọ́ lọ́wọ́ wa, okùn ń bọ́. Ìtọ̀ ọkọ̀ rẹ ni, ìwọ obìnrin yìí."

"Bàbá, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Kì í ju wákàtí kan lọ tó fi ń pòórá."

"Ta ló máa wà nínú omi ní wákàtí kan yẹn? Ṣé ìwọ ni?"

"Ẹ ò kàn fẹ́ nǹkan tuntun ni! Tí wọ́n bá ní ká tẹ̀ lé tiyín, a ò bá tíì kúrò lórí igi."

Bàbá tutọ́ sílẹ̀, ó jáde. Ìgbìmọ̀ dá Ìbídùnní láre. Láti ọjọ́ náà, ará ìlú àti ará abúlé apẹja kò kí ara wọn mọ́.

Ní Sátidé kejì lẹ́yìn ìdájọ́, Ìbídùnní mọ̀ọ́mọ̀ gba iwájú abúlé kọjá, kí wọ́n lè rí i. Èpè ń já lu òun àti àbúrò rẹ̀ láti orí afárá. Akínlàjà dìde dúró, ó ń yọ ṣùtì sí wọn. Lójijì ni afẹ́fẹ́ yí padà. Igi ìgbòkun fò wá láti ẹ̀gbẹ́ kejì, ó gbá a lẹ́yìn, ó sì gbá a sómi.

Ìbídùnní yí ọkọ̀ padà kíá. Ó na ọwọ́, ó mú tàbúrò rẹ̀. Ó yọ̀. Ó tún un mú. Ó yọ̀. Ó ju okùn, Akínlàjà wé e mọ́wọ́, okùn tú bí ejò. Bí Àṣá bá ṣe ń sún mọ́ ọn tó ni omi yíyọ̀ ń pọ̀ sí i lára rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dì mí mú!"

Omi ti dé imú rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ apẹja kan já dé. Bàbá Omíyalé ló wà níwájú rẹ̀. Kò wo Ìbídùnní. Ó bu eérú nínú ìkòkò kan, ó fi ra ọwọ́ ara rẹ̀, ó da ìyókù lé ọrùn ọwọ́ Akínlàjà, bí àwọn obìnrin ṣe ń ṣe tí wọ́n bá fẹ́ pa ẹja àrọ̀. Ó gbá a mú. Ọwọ́ náà kò yọ̀. Wọ́n fà á sókè, ó pọ omi, ó sì mí.

Ẹkún gba ojú Ìbídùnní. "Bàbá, ẹ ṣeun. Ọlọ́run á—"

"Panu mọ́! Nítorí tìẹ kọ́." Bàbá ń nu eérú kúrò lọ́wọ́. "Sátidé tó kọjá ni ìyàwó ọmọ mi ṣubú sómi níbi tó ti ń wo àwọ̀n. Tẹniọlá lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún la mú un lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló bọ́. Ìgbà tá a sin ín tán la tó rántí eérú."

Ìbídùnní fi ọwọ́ nu ojú.

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ kọ́kọ́ sún mọ́ ọn," ni Bàbá wí. "Ó pè yín."

Ìgbà yẹn ni Ìbídùnní rántí Sátidé náà. Obìnrin kan wà nínú omi lọ́ọ̀ọ́kán lẹ́bàá àwọ̀n, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Akínlàjà ti sọ pé, "Ẹ wò ó, ẹnì kan ti wá fẹ́ràn wa lábúlé yìí." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n juwọ́ padà sí i, wọ́n sì ń bá eré wọn lọ. Afẹ́fẹ́ dùn lọ́jọ́ náà. Àṣá ò sáré tó bẹ́ẹ̀ rí.