Ojú Òsì NyaMhango

NyaMhango, aránṣọ, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ní Nkhata Bay, ní ilẹ̀ Màláwì, ó ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, òwú kò wọlé. Ó fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún. Èéfín ni ojú òsì ń rí. Ó pe Temwa, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, pé kí ó sin òun lọ sí ilé ìwòsàn ojú ní ìlú Mzuzu lọ́jọ́ kejì, nítorí ẹ̀rù ń ba òun láti dá wọkọ̀.

Ọjọ́ kejì náà gan-an ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Temwa ní ìdíje. Lusungu, ọ̀rẹ́ rẹ̀, sì ti kìlọ̀ pé ẹni tí kò bá wá, kí ó gbàgbé ẹgbẹ́.

"Màmá, ṣé ó ń dùn yín?"

"Kò dùn mí rárá."

"Ọjọ́ orí ni. Ẹ jẹ́ ká gbá bọ́ọ̀lù yìí tán ná."

Ìyá rẹ̀ gbà. Wọ́n borí, ìdíje mìíràn tún yọjú, Temwa tún bẹ̀bẹ̀. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ń sún síwájú, títí NyaMhango fi jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí ojú òsì kò rí ju òkùnkùn lọ.

Temwa sin ín lọ sí Mzuzu lọ́jọ́ náà. Dókítà wo ẹ̀yìn ojú náà pẹ́. Ó ní iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde níbẹ̀ ti dí. Ẹ̀jẹ̀ ń wọlé, kò rí ọ̀nà jáde. Ó rọ́ jọ, ó ń jò, ẹ̀yìn ojú sì wú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á. Abẹ́rẹ́ tó lè mú wíwú náà lọ sílẹ̀ wà, ká ní wọ́n tètè dé. Ní báyìí, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni kí ó máa lò, kí ojú kejì má bàa bá a lọ.

"Kí ló dá yín dúró, màmá?" ni dókítà bi í.



"Èmi ni mo ń fòní dónìí, tí mo ń fọ̀la dọ́la," ni ìyá rẹ̀ dáhùn. "Ọmọ yìí kò mọ nǹkan kan."

Irọ́ yẹn dun Temwa ju ẹgba lọ. Níta, NyaMhango fi èjìká òsì gbá àwo ọlọ́gẹ̀dẹ̀ kan dànù. Kò rí i rárá. Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ náà bi í bóyá kì í wo ọ̀nà ni. Temwa kúnlẹ̀, ó ń ṣa ọ̀gẹ̀dẹ̀ jọ, omijé ń bọ́ sórí wọn. Nígbà tó dìde, ẹ̀gbẹ́ òsì ìyá rẹ̀ ló bọ́ sí, ó sì dì í lọ́wọ́ mú.

Àìsàn mìíràn kì í dunni, kì í sì í dúró deni. Bí òbí bá ní ká sin òun lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ jẹ́ ká lọ lọ́jọ́ náà. Bọ́ọ̀lù yóò tún wà. Ojú tó bá lọ kì í bọ̀.