Ajá Tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Tà Ní Àtàtúntà

Omi tó kọ́kọ́ ṣàn lára ajá náà dúdú bí èédú. Onídìrí rò pé ìdọ̀tí ni. Ó tún da ṣampú sí i lẹ́yìn, ó họ ọ́ dáadáa bó ṣe máa ń họ orí oníbàárà, ó sì bu omi mìíràn sí i. Dúdú náà ló tún ń dà. Ìgbà tó wá wo ẹ̀yìn ajá náà, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Àwọn àmì dúdú kéékèèké tó kún ara ẹ̀, tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti ń torí ẹ̀ jiyàn láti àárọ̀, ló ń bá omi lọ sínú ihò ọpọ́n yẹn.

Abẹ́ bẹ́ǹṣì tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀ ló ti rí i, tí òjò ti pa á, tó ń gbọ̀n. Kò sí okùn lọ́rùn ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ẹ̀. Ló bá gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹsẹ̀ ajá ṣe kan ilẹ̀ ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀, nítorí ajá náà kò jọ irú ajá kan pàtó. Etí ọ̀tún nà sókè, tòsì wó lulẹ̀. Ara gùn, ẹsẹ̀ kúrú, ìrù sì ki bí ìgbálẹ̀ tuntun. Ìyàwó tuntun tó ń dirun lọ́wọ́ ní ajá ọdẹ ni ìyá ẹ̀, bàbá ẹ̀ ni kò gbádùn. Obìnrin tó ń ta aṣọ ní rárá, ajá olówó ni, irú èyí tó máa ń jókòó sẹ́yìn mọ́tò tí á máa wo àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ẹnì kẹta yí ojú ajá síbí sọ́hùn-ún, ó mi orí.

"Ẹ wo àgbọ̀n ẹ̀," ó ní. "Ewúrẹ́ kan mọ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí."

Nídìí ọpọ́n, onídìrí kò bá wọn rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fi aṣọ ìnura funfun nu ẹ̀yìn ajá, aṣọ náà sì di dúdú. Ó gbé e símú.

"Dáì irun ni," ó ní. "Èyí tí kò dáa nínú wọn ni."

"Ta ló máa kun ajá ní dáì?"

"Ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n dá ajá náà mọ̀ ni."

Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn etí tó wó. Gọ́ọ̀mù ló bá níbẹ̀, ó ti gbẹ. Ẹnì kan ti lẹ etí yẹn kó lè nà bí èkejì. Ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ajá tó sọnù. Olè wà nídìí ẹ̀. Ó fi aṣọ ìnura wé ajá, ó bẹ ìyàwó tuntun tó ti di lórí dé ìdajì pé òun ń bọ̀, ó sì forí lé tẹ́ṣàn. Inú rere ló gbé e débẹ̀. Ibẹ̀ náà sì lọ̀rọ̀ ti yí mọ́ ọn lọ́wọ́.

Sájẹ́ǹtì tó wà ní káńtà jẹ́ ọkùnrin kan tí ojú ẹ̀ máa ń dà bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí i lójú oorun tó dùn. Ìyá àgbà kan tó ga, tó wé gèlè, tó fi ẹ̀wọ̀n tín-ín-rín so gíláàsì ojú ẹ̀ mọ́ ọrùn, dúró níwájú ẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ládùúgbò. Ọ̀gá ilé-ìwé ni kó tó fẹ̀yìntì, ohùn ẹ̀ ò sì tíì fẹ̀yìntì.

"Ajá mi ni mo ní kẹ́ ẹ wá fún mi," ó ń wí. "Funfun ni, àmì dúdú wà lára ẹ̀, etí ẹ̀ méjèèjì nà ṣánṣán. Ìran ajá ààfin ni."

"Ọwọ́ ta lẹ ti rà á, màmá?"

"Ọwọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọkùnrin tó máa ń wà ní ọgbà ìgbafẹ́ ní Sátidé, tó máa ń wo ajá tí á sọ ìran tó ti wá."

Ajá já bọ́ nínú aṣọ ìnura. Ó rìn tààrà, ó gbé àgbọ̀n lé bàtà ìyá náà, ó sì mí kanlẹ̀.

Ìyá náà wò ó. "Kí lèyí? Èyí kọ́ lajá mi."

Ajá kò gbà fún un. Ó jókòó síbẹ̀.

"Màmá," onídìrí sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "àwọn àmì yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ wọ́n kúrò lára ẹ̀ ni."

Ojú sájẹ́ǹtì là. Ó wo ọwọ́ onídìrí. Dáì dúdú ti dé ọrùn ọwọ́ ẹ̀.

"Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Mo ń dirun, ọ̀gá."

"Ẹ ní dáì ní ṣọ́ọ̀bù?"

"Mo ní gbogbo àwọ̀."

"Ajá tí wọ́n jí wà lọ́wọ́ yín."

"Mo rí i he ni."

"Dáì wà lọ́wọ́ yín."

"Ibi tí mo ti ń fọ̀ ọ́ kúrò ló ti kàn mí."

"Olè tí mo mú lóṣù tó kọjá náà ní ṣe lòun ń dá ẹrù padà."

"Ó kun ajá mi kí n má baà mọ̀ ọ́n," ọ̀gá ilé-ìwé ní. Ó wo onídìrí láti òkè délẹ̀ bí ẹni wo ọmọ tó pẹ́ dé kíláàsì.

"Màmá, bí mo bá jí i, ṣé tẹ́ṣàn ni màá tún gbé e wá?"

Ìbéèrè yẹn wọ sájẹ́ǹtì lára díẹ̀, àmọ́ kò wọ̀ ọ́ tó. Ó na ọwọ́.

"Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù yín wá. Títì ló máa wà títí n óo fi mọ ẹni tó kun ajá."

Onídìrí rántí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Òpin ọ̀sẹ̀ ni àwọn oníbàárà máa ń ya wọlé, ìyàwó tuntun sì ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú orí tó jọ oko tí wọ́n ro dé àárín. Ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde, kò gbé e sílẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Ṣé ẹlòmíràn ti wá sọ pé ajá òun sọnù?"

"Dókítà eyín tó wà níwájú yìí. Ṣùgbọ́n dúdú kirikiri ni tiẹ̀, etí ẹ̀ méjèèjì sì wó."

"Ọwọ́ ta ló ti rà á?"

Sájẹ́ǹtì yẹ ìwé ẹ̀ wò. "Ọwọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n," ó ní, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé.

Wọ́n ránṣẹ́ pe dókítà eyín. Ó wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun iṣẹ́ lọ́rùn. Ajá rí i, ó sùn kalẹ̀, ó gbé ikùn sókè. Dókítà ní òun ò mọ ajá yìí rí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ya ẹnu ajá, ó sì wo inú ẹ̀ lọ sẹ́yìn.

"Eyín tó wà lẹ́yìn yìí," ó ní, "èmi ni mo fọwọ́ ara mi dí i. Mo lè gbàgbé ojú. Mi ò lè gbàgbé iṣẹ́ ọwọ́ mi."

Ọ̀gá ilé-ìwé fi ìdí lé bẹ́ǹṣì. Ajá dúdú dókítà àti ajá funfun tiẹ̀, ajá kan náà ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀rọ̀ wọn pọ̀, ó sì bára mu: tí ajá bá ti wọlé tán, tí wọ́n ti fún un lóúnjẹ, tí wọ́n ti fọwọ́ pa á lórí, ẹnì kan á sú súfèé lẹ́yìn ọgbà, ajá á sì fò jáde.

"Ó sọ fún mi pé ààfin ni ìyá ẹ̀ gbé," ọ̀gá ilé-ìwé ní. Ohùn ẹ̀ ti rọ̀. "Èmi náà sì gbà á gbọ́."

Sájẹ́ǹtì họ orí. "Bí a bá mú un, á ní òun ò rí ajá yìí rí. Ta ló máa jẹ́rìí? Ajá?"

"Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ ní gbangba," onídìrí dá a lóhùn. "Ẹ jẹ́ ká gbé ajá náà lọ bá a, kó wá sọ ìran tó ti wá fún wa."

"Á dá a mọ̀."

"Tí mo bá parí iṣẹ́ mi lára ẹ̀, ìyá tó bí i ò ní dá a mọ̀."

Sájẹ́ǹtì fa ọwọ́ tó nà padà. Ó ní kó fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ padà sápò. "Sátidé," ó ní. "Tí kò bá ṣe é ṣe, ẹ̀yin náà lẹ mọ ibi tẹ́ ẹ máa sùn."

Onídìrí parí irun ìyàwó tuntun, ó sì dojú kọ ajá. Ó pa á láró pupa bíi bíríkì, èyí tí omi lásán lè fọ̀. Ó gé wíìgì àtijọ́ kan, ó fi irun rẹ̀ bo etí méjèèjì títí wọ́n fi wálẹ̀ dé èjìká. Ó di ìrù ní wẹ́wẹ́. Nígbà tó ṣe tán, ajá rí ara ẹ̀ nínú dígí, ó sì gbó ara ẹ̀.

Ní Sátidé, Ọ̀jọ̀gbọ́n wà níjòókòó ẹ̀ nínú ọgbà ìgbafẹ́, kóòtù funfun lọ́rùn, ohun tí dókítà fi ń gbọ́ àyà lórí kóòtù. Àwọn ènìyàn tò síwájú ẹ̀ pẹ̀lú ajá wọn. Ó gbóòórùn etí eléyìí, ó fọwọ́ wọn ìrù tọ̀hún. Ó sọ fún ọkùnrin kan pé bàbá bàbá ajá ẹ̀ jagun, ọkùnrin náà sì gbá ajá mọ́ra bí ẹni pé òun náà lọ sójú ogun.

Ó kan onídìrí. Kí ajá tó rí Ọ̀jọ̀gbọ́n tán, gbogbo ara ẹ̀ ti ń mì. Ó jókòó, ó na ọwọ́ kan sí i.

"Ẹ wò ó," Ọ̀jọ̀gbọ́n ní. "Ó mọ̀ pé òun wà níwájú ẹni tó mọyì òun."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, irú ajá wo ni? Abẹ́ bẹ́ǹṣì ni mo ti rí i."

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ohun ìgbọ́yà lé orí ajá. Ó di ojú. "Ìdajì ẹ̀ jẹ́ ajá ọdẹ inú aṣálẹ̀. Mo ń gbọ́ iyanrìn. Ìdajì tó kù pín sí méjì: apá kan ń ṣọ́ àgùntàn lórí òkè yìnyín. Apá kejì..." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Apá kejì, ẹ̀jẹ̀ ọba ni. Ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, mo mọ ẹni tó máa rà á."

"Ṣé ẹ ti rí i rí ni?"

"Irú ẹ̀, nínú ìwé. Eléyìí gan-an, mo búra, ojú mi ò kàn án rí."

Onídìrí mú ike omi nínú báàgì, ó da gbogbo ẹ̀ lé ajá lórí. Pupa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ó fa etí wíìgì ọ̀tún yọ, ó fa tòsì yọ. Etí kan nà sókè, èkejì wó lulẹ̀. Ajá gbọn ara, ó fi omi pupa wọ́n kóòtù funfun náà, ó sì tún na ọwọ́ kan náà sí ọ̀gá ẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ajá. Ajá wo Ọ̀jọ̀gbọ́n. Sájẹ́ǹtì yọ lẹ́yìn igi pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì olódòdó tó fi pa iṣẹ́ ẹ̀ mọ́.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ kú iṣẹ́ o."

Ọkùnrin náà ki eré mọ́lẹ̀. Ó fo bẹ́ǹṣì, ó fo ọgbà, ó já sí títì. Ó sáré mọ́ sájẹ́ǹtì lọ́wọ́ pátápátá, ì bá sì ti bọ́ ká ní kò sí ajá. Ó sá pamọ́ sẹ́yìn táǹkì omi. Nígbà tí sájẹ́ǹtì fi máa dé ìkóríta tí kò mọ ibi tí yóò yà sí, ìrù kan tí wọ́n dì ní wẹ́wẹ́ ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì. Ó sá wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ó dúró sáàárín àwọn kóòtù tí wọ́n fi kọ́, ó di ẹ̀mí mú; ajá wọlé tọ̀ ọ́, ó sùn lé bàtà ẹ̀. Níkẹyìn ó kó sínú takisí, ó ní kí awakọ̀ máa lọ kíá. Awakọ̀ ti fẹ́ ṣí i nígbà tí ajá dúró síwájú mọ́tò, tó ń hu.

"Ẹ gbé ajá yín wọlé, sà."

"Tèmi kọ́."

"Kí ló wá ń sunkún yín sí?"

Ibi tí wọ́n ti ń fà á ni sájẹ́ǹtì àti onídìrí ti dé, tí wọ́n ń mí hẹlẹ. Ṣẹkẹṣẹkẹ̀ ró kọ̀, ó parí.

Ní tẹ́ṣàn, kò pẹ́ tó fi jẹ́wọ́ fún sájẹ́ǹtì.

"Ẹ̀ẹ̀mélòó lo ti tà á?"

"Mi ò kà á."

"Ìwọ lo máa ń sú súfèé pè é?"

"Èmi ni."

"Báwo ló ṣe wá dé abẹ́ bẹ́ǹṣì?"

"Ààrá ń sán lọ́jọ́ yẹn, ó jáde nílé màmá, kò gbọ́ súfèé mi mọ́. Mo wá a títí." Ó mí kanlẹ̀. "Àní mo wá a."

Ọ̀gá ilé-ìwé tẹ̀ síwájú. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló na etí, títí kan àwọn ọlọ́pàá tó ń jẹun, nítorí ìbéèrè tó fẹ́ bi í ló wà lọ́kàn gbogbo wọn.

"Lákòótán, irú ajá wo ni?"

"Mi ò mọ̀, màmá. Inú gọ́tà ni mo ti rí i, ní kékeré. Mi ò mọ nǹkankan nípa ajá."

"Kí lo sọ ọ́?"

"Mi ò sọ ọ́ ní nǹkankan. Mo fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ nígbà kan, àmọ́ ọjọ́ kejì ẹ̀ ni mo fẹ́ tà á, ni mo bá fi í sílẹ̀."

Wọ́n bá owó àwọn tó lù ní jìbìtì nílé ẹ̀, sájẹ́ǹtì sì ní kálukú á gba tiẹ̀. Dókítà eyín ní ilé òun máa ń dá wà látàárọ̀, kí màmá kúkú máa mú ajá lọ. Onídìrí náà ì bá fẹ́ ẹ, ó sì dùn ún díẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí bí ìyá náà ṣe ń fọwọ́ pa etí tó wó, ó sì fi okùn ọrùn ajá lé e lọ́wọ́.

"Ọmọ mi," ọ̀gá ilé-ìwé sọ fún un bí wọ́n ṣe jáde, "mo pè ọ́ lólè. Má bínú."

"Ó ti tán, Màmá."

Ó sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ìyá náà tú okùn ọrùn ajá, ó ṣí ilẹ̀kùn, kò fà á, kò tì í.

"Mo ti rí orúkọ tí màá sọ ọ́," ó ní. "Dúrósinmi."

"Orúkọ ènìyàn nìyẹn, Màmá."

"Mo mọ̀."

Ajá gbóòórùn ẹnu ọ̀nà. Ó wo títì, ó wo àwọn méjèèjì, ó sì wọlé lọ, ó wá ibi tí oòrùn gbà wọlé sí lórí ilẹ̀, ó sì sùn.