Ilé Mo-ti-gbọ́ Kì í Ṣe Àdírẹ́ẹ̀sì

Nígbà náà, bàbá àwọn ọmọ mi ṣì wà láyé. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa náà ṣì wà láyé, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Mo-ti-gbọ́.

Sájẹ́ǹtì ni ní àgọ́ ọlọ́pàá wa. Òun ló máa ń gbé tẹlifóònù ibẹ̀, ó sì mọ ohùn gbogbo àdúgbò. Tí o bá ti ké pé, "Ẹ gbà wá o!" kò ní jẹ́ kí o parí ẹ̀. "Mo ti gbọ́!" ló máa wí. Á gun kẹ̀kẹ́ ẹ̀, ó di ilé rẹ. Bí orúkọ tí àwọn òbí ẹ̀ sọ ọ́ ṣe pòórá nìyẹn, tó di Mo-ti-gbọ́.

Ó fẹ̀yìn tì. Kò pẹ́ sí i, ìjọba kó ìpè gbogbo àgọ́ kéékèèké lọ sí yàrá ńlá kan ní olú-ìlú ẹkùn wa. Tí o bá pe ọlọ́pàá, ibẹ̀ ló ń dún. Inú bí Mo-ti-gbọ́.

"Ìyàwó," ó pè mí, "ọmọdé tí wọ́n fi síbẹ̀ yẹn, ṣé ó mọ ohùn rẹ yàtọ̀ sí ti ewúrẹ́ ni?"

"Ọ̀gá Sájẹ́ǹtì! Ọ̀rọ̀ ìjọba lẹ ń sọ, ohùn mi wá di ti ewúrẹ́!"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń sá aṣọ, ni mo gbọ́ fèrè. Fèrè ọlọ́pàá àtijọ́ tó máa ń wà lọ́rùn Mo-ti-gbọ́ ni. Ó dún, ó dún, ó dákẹ́ lójijì, àfi bíi pé wọ́n fọwọ́ bò ó.

Mo dojú korobá dé, mo gùn ún, mo yọjú lórí ọgbà. Yéè! Wọ́n ti já ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta, ọ̀kan mú ọ̀pá irin dání. Orúnkún sì ń dun Mo-ti-gbọ́, òun nìkan ló wà nílé.

Bí mo ṣe sọ fún ọkọ mi, ó já fóònù gbà lọ́wọ́ mi, ó pe ọlọ́pàá. "Ẹ máa bọ̀! Ilé Mo-ti-gbọ́! Wọ́n ti wọlé tọ̀ ọ́!" Ó gé e. Ó ní, "Ó parí."

"Kí ló parí? Ibo lẹ sọ fún wọn?"

"Ta ni kò mọ ilé Mo-ti-gbọ́?"

Fóònù dún. Mo yáa gbé e kó tó mú un. Ohùn ọmọbìnrin ni, ó tutù bí omi àmù. "Ẹ̀yin lẹ pè wá. Ẹ má gé e mọ́ o. Ìlú wo ni? Apá ibo?"

Mo dárúkọ ìlú wa. Mo ní, "Ibi igi ńlá ni."

"Ṣé igi náà ṣì wà níbẹ̀, Màmá?"

"Wọ́n ti gé e kí wọ́n tó bí ẹ!"

"Ó dáa. Tí àlejò bá dúró lẹ́nu ọ̀nà yín báyìí, kí ló máa kọ́kọ́ rí?"

Mo wò yíká. "Táńkì omi pupa lórí ilé alájà méjì. Ilé kejì sí i ni, géètì ẹ̀ dúdú."

"Ẹni mélòó ló wọlé? Kí ló wà lọ́wọ́ wọn?"

Ọkọ mi ń fẹsẹ̀ kilẹ̀. "Ìbéèrè, ìbéèrè! Ṣé ó fẹ́ fi wọ́n ṣe ọkọ ni? Ní kó rán mọ́tò!"

Ọmọ náà gbọ́. "Ẹ bá mi sọ fún Bàbá pé mọ́tò ti ń bọ̀. Bí mo ṣe ń béèrè lẹni tó jókòó tì mí ń sọ fún wọn. Mọ́tò àgọ́ yín ti jìnnà, àmọ́ mo rí ti ìlú kejì lójú kọ̀ǹpútà, ó sún mọ́ yín. Ẹ má jáde lọ bá wọn o."

Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ tí mo fi gbọ́ ọn: wèè-ó! wèè-ó! Mọ́tò já wọ òpópónà, ó kọjá táńkì pupa, ó dúró gẹ́lẹ́ níwájú géètì dúdú! Àwọn olè fò sókè. Ṣòkòtò ọ̀kan há mọ́ wáyà ọgbà, ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá ti já a bí èso. Wọ́n mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta!

Àwọn olè ti so Mo-ti-gbọ́ mọ́ àga, wọ́n fi fìlà ẹ̀ dí i lẹ́nu. Bí àwọn ọlọ́pàá ṣe yọ fìlà náà, ó ní, "Ta ló rán yín?"

Èmi ni mo dá a lóhùn. "Ọmọdé tí kò mọ ohùn mi yàtọ̀ sí ti ewúrẹ́ ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Láti ọjọ́ náà, ojúlé dé ojúlé ló ń lọ: "Ẹ jáde síta. Kí ni àlejò máa rí níbí?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó máa gbé ìpè yín báyìí kò mọ̀ yín rí. Àlejò lójú, kò fi ríran, ẹ̀yin lẹ máa ríran fún un. Ibi tí ẹ wà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ: ìlú, òpópónà, àti ohun tó wà níbẹ̀ lónìí, kì í ṣe igi àná. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ má gé fóònù àfi tí wọ́n bá ní kí ẹ gé e. Ìbéèrè wọn kì í dá mọ́tò dúró. Ẹ̀rù á bà yín lóòótọ́, àmọ́ bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Mo-ti-gbọ́ pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn. Orí bẹ́ẹ̀dì ara ẹ̀ ló wà láàárọ̀ ọjọ́ tó máa lọ, àwọn ọmọ ẹ̀ yí i ká. Mo tẹ̀ sí etí ẹ̀, mo ní, "Ọ̀gá Sájẹ́ǹtì, ẹ ṣeun o. Gbogbo ilé ló ti mọ ohun tí wọ́n máa sọ."

Kò lajú. Ètè ẹ̀ nìkan ló mì.

"Mo ti gbọ́," ló wí, ó sì lọ.